ÈSO TÍ KÒ NÍ JẸRÀ: Ìtàn Àwọn Tó Ń Gbẹ Èso Tà, Láti Èkó àti Abẹ́òkúta Títí Dé Kalifóníà

Bí oṣù kẹrin ọdún bá ti wọlé, ẹni tó bá gba Oto kọjá sí ọjà Oyíngbò kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé àsìkò máńgòrò ti dé. Imú rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ mọ̀. Ní òwúrọ̀, òórùn dídùn ni. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí oòrùn ti pa apẹ̀rẹ̀ láti àárọ̀, òórùn náà ti ń yí padà. Máńgòrò tí wọ́n já sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ọjọ́ Ajé, tí kò bá tíì tán ní Ọjọ́rú, iye tí ìyá tó ń tà á yóò dá lé e kì í ṣe iye tó fi rà á mọ́. Ní Ọjọ́bọ̀ yóò máa bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n wá kó o. Ní Ọjọ́ Ẹtì, àkìtàn ni ìyókù ń lọ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe kà á sí ohun kékeré. Owó tó wà nínú apẹ̀rẹ̀ yẹn lè jẹ́ owó àjọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó, ó lè jẹ́ owó gbọ́mú-lé-lántà tí wọn yóò wá gbà ní òpin ọ̀sẹ̀, ó sì lè jẹ́ owó ilé-ìwé ọmọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá tí a jọ ń pàtẹ́wọ́ ní ọjọ́ ìsinmi ni ó ń kó ìdààmú yìí wọ ilé Ọlọ́run, tí wọn kò sì lè sọ ọ́ ní ìjẹ́rìí. Ní 2011, àjọ FAO tó ń bójú tó oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ fún gbogbo ayé ṣe ìṣirò kan: nínú gbogbo oúnjẹ tí ọmọ aráyé ń pèsè lọ́dún, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ni kì í dé ẹnu ẹnikẹ́ni, èyí sì tó bílíọ̀nù 1.3 tọ́ọ̀nù. Ti èso àti ẹ̀fọ́ ló burú jù. Nínú ọgọ́rùn-ún, ó sún mọ́ 45 tó ń ṣòfò.

Nígbà tí Jésù bọ́ ẹgbẹ̀rún márùn-ún ènìyàn, lẹ́yìn tí gbogbo wọn yó, ó pàṣẹ kí wọ́n ṣa èyí tó kù jọ, wọ́n sì rí agbọ̀n 12 (Johanu orí 6). Ó ti máa ń yà mí lẹ́nu. Ẹni tó lè sọ ìṣù búrẹ́dì 5 di oúnjẹ gbogbo ìlú, kí ló fẹ́ fi àjẹkù ṣe? Àmọ́ kò jẹ́ kí ó ṣòfò.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ ìtàn àwọn ilé-iṣẹ́ kan fún yín lónìí. Iṣẹ́ wọn kò ju pé kí wọ́n gbẹ èso, kí wọ́n dì í sínú ọ̀rá tàbí páálí, kí wọ́n sì tà á. Èyí tó sún mọ́ wa jù bẹ̀rẹ̀ ní Èkó wa níhìn-ín.

ÀWỌN BÀBÁ WA MỌ NǸKAN SÁ

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé iṣẹ́ òyìnbó ni kí a gbẹ oúnjẹ. Ọmọ Yorùbá ti ń sá oúnjẹ kí òyìnbó tó dé. Iṣu ni a bọ̀, tí a sá, tó di gbọ̀dọ̀, tí a lọ̀ ọ́, tó di èlùbọ́. Ẹ̀gẹ́ ni a rẹ, tí a sá, tó di láfún. Ilá tó pọ̀ jù lóko ni a rẹ́ wẹ́wẹ́ tó di orúnlá, tí a ń sè nígbà tí ilá tútù bá wọ́n. Ata ńkọ́? Ẹja ńkọ́? Kò sí ilé tí kò sí ohun gbígbẹ nínú àjà rẹ̀.

Ṣùgbọ́n èso nìkan ni a kò sá. Ta ló rí ìyá àgbà tó sá máńgòrò rí? Èmi kò rí. Mo sì rò pé mo mọ ìdí rẹ̀. Èso kì í ṣe oúnjẹ lójú àwọn bàbá wa, ìpanu ni. Àwọn ọmọdé ni wọ́n ń ṣa á jẹ lábẹ́ igi. Yàtọ̀ sí èyí, Ọlọ́run ṣe é fún wa tí ọ̀kan kì í tán kí òmíràn má dé: agbálùmọ̀ dé ní oṣù kejìlá, máńgòrò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ìyeyè tẹ̀ lé e nínú òjò, ọsàn sì ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ rí báyìí, kí ni yóò máa sá èso sí? Ìlú ńlá ló yí ọ̀ràn náà padà. Nígbà tí èso di ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ kó láti ọ̀nà jíjìn wá sí Oyíngbò àti Mile 12, tí ọ̀nà bàjẹ́, tí ọkọ̀ ń sùn sójú ọ̀nà, nígbà náà ni ìbùkún oko di àdánù ojú ọjà.

Àwọn ènìyàn inú Bíbélì tí ilẹ̀ wọn gbẹ mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Ẹ ṣí Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 25. Nígbà tí Nábálì fi ẹnu gbígbóná lé àwọn ọmọkùnrin Dáfídì padà, tí Dáfídì sì di idà mọ́ ìdí, ohun tí Ábígẹ́lì sáré kó lé orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ní síírí àjàrà gbígbẹ 100 àti àkàrà ọ̀pọ̀tọ́ 200 nínú. Kò ráyè dá iná fún ìyẹn. Ó ti wà nínú ilé. Ẹ tún ka orí 30: ọmọ Íjíbítì tí ọ̀gá rẹ̀ jù sílẹ̀ nínú oko nítorí àìsàn, tí kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta, èso gbígbẹ wà lára ohun tí wọ́n fi fún un, ẹ̀mí rẹ̀ sì sọ jí. Ohun tí ojú rẹ̀ ti wú, tó dà bí èyí tó ti gbó, ni agbára wà nínú rẹ̀ báyẹn.

ILÉ-IṢẸ́ TÓ BẸ̀RẸ̀ NÍ ÈKÓ

Ní 2012, arábìnrin kan tó ń jẹ́ Affiong Williams dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Èkó tí ó pè ní ReelFruit. Ọmọ Nàìjíríà ni. Ó kàwé ní yunifásítì Witwatersrand ní Johannesburg, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní Gúúsù Áfíríkà pẹ̀lú Endeavor, àjọ kan tó ń ti àwọn oníṣòwò tó ń dàgbà lẹ́yìn. Ẹni tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ ní òkèèrè ló padà wálé láti máa ta máńgòrò. Ẹ lè fojú inú wo ohun tí àwọn ẹbí yóò sọ!

Ohun tó rí ni pé orílẹ̀-èdè wa wà lára àwọn tó ń kórè máńgòrò jù lọ ní ayé, síbẹ̀ tí ènìyàn bá wọ ṣọ́ọ̀bù ńlá ní Èkó láti ra èso gbígbẹ, èyí tí wọ́n dì wá láti ìlú òyìnbó ló máa ń bá lórí àtẹ. Ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ta máńgòrò gbígbẹ àti ọ̀pẹ̀yìnbó gbígbẹ nínú ọ̀rá kékeré tí ọmọdé lè mú lọ sí ilé-ìwé. Nígbà tó yá, wọ́n fi àgbọn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà kajú kún un. Láti ṣọ́ọ̀bù díẹ̀, ó di ọgọ́rọ̀ọ̀rún ṣọ́ọ̀bù káàkiri orílẹ̀-èdè.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń ka ìwé yìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀ níbí. Láti 2012 títí di 2021 jẹ́ ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún 2021 yìí ni àwọn olùdókòwò, tí Alitheia IDF wà lára wọn, kó 3 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀ fún ilé-iṣẹ́ náà kí ó lè ṣe púpọ̀ sí i, kí ó sì máa kó o lọ tà ní Amẹ́ríkà. Ìwé ìròyìn gbé e jáde pé owó ńlá dé. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń gbé ọ̀rá máńgòrò láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù kò sí nínú àkọlé ìròyìn. A ti rí àwọn tó gbàdúrà fún ìlẹ̀kùn tó ṣí ní òru ọjọ́ kan, tí wọ́n sì bínú sí Ọlọ́run ní òwúrọ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń gbẹ èso náà wà ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ wa yóò rí ọgbọ́n nínú èyí. Abẹ́òkúta sún mọ́ oko, kò sì jìnnà sí èbúté Èkó. Ọ̀nà náà ti pẹ́. Láti Ìddó, tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Oto wa níbí, ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin lọ́dún 1896. Ó gba Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn tí wọ́n ṣí i ní 1901. Irè oko ni wọ́n tìtorí rẹ̀ là á, kí wọ́n lè kó o sí ọkọ̀ ojú omi. Ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021, èyí tó gbéra láti Alágómeji ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, gba Abẹ́òkúta náà lọ sí Ìbàdàn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ lè dé ibẹ̀, kí ó ṣe ohun tó fẹ́ ṣe, kí ó sì padà sùn sí ilé rẹ̀ ní Oto.

KÍ LÓ MÚ KÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢÒRO?

Bí ó bá rọrùn ni, gbogbo wa ì bá ti ṣe é. Omi ló pọ̀ jù nínú máńgòrò: nínú ọgọ́rùn-ún ìdá rẹ̀, ó ju 80 lọ tó jẹ́ omi. Omi yìí ni ìdin, èbu àti ìwúkàrà ń fi ṣe ayé nínú rẹ̀. Tí a bá fa omi náà jáde títí tó fi ku nǹkan bí 15 nínú ọgọ́rùn-ún, èbu kò rí ibi dúró sí mọ́, èso náà yóò sì wà fún oṣù púpọ̀ láìsí fíríìjì. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, tí ènìyàn bá yọ èèpo àti kóró kúrò, tí omi sì lọ, ó gbà tó kìlógíráàmù 10 máńgòrò tútù tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó rí kìlógíráàmù kan èyí tó gbẹ. Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀rá kékeré yẹn wọ́n, kí ó fi èyí ṣe ìṣirò.

Ní òkè Ọya, nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀ yóò gbẹ nǹkan. Ní Èkó, a kò ní irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí a sá ní oṣù kẹfà ń lo ọjọ́ méjì lórí okùn! Àsìkò tí máńgòrò pọ̀ ní ilẹ̀ wa gan-an ni òjò bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀rọ ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Àwọn obìnrin yóò fi ọ̀bẹ bó o, wọn yóò gé e ní ìrẹ́ tó dọ́gba, nítorí èyí tó nípọn kò ní gbẹ tán kí èyí tó fẹ́lẹ́ tó jóná. Wọn yóò tẹ́ ẹ sórí àtẹ tó ní ihò, wọn yóò sì tì í sínú ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ nínú rẹ̀. Kì í ṣe ooru iná ìdáná o. Nǹkan bí ìwọ̀n 50 sí 70 ni, fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí. Tí iná mànàmáná bá lọ ní àárín rẹ̀, tí kò sì sí dísù nínú jẹnẹrétọ̀, èso tó gbẹ dé ìdajì yóò kan. Gbogbo owó ọjọ́ náà lọ nìyẹn.

Síbẹ̀, lójú tèmi, kì í ṣe iná ló le jù. Owó ni. Máńgòrò ń so fún oṣù mélòó kan. Ẹni tó bá fẹ́ ta á ní oṣù kejìlá gbọ́dọ̀ ra á ní oṣù karùn-ún, kí ó san owó fún àgbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ó san ti òṣìṣẹ́ àti ti dísù, kí ó wá kó ọjà náà pamọ́ títí tí ṣọ́ọ̀bù yóò fi gbà á. Ṣọ́ọ̀bù náà yóò sì ní kí ó wá gba owó rẹ̀ ní oṣù mìíràn. Ilé-iṣẹ́ tí ọjà rẹ̀ ń tà dáadáa lè kú báyìí, nítorí pé owó rẹ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ní àwọn ọdún 1950, dá ilé-iṣẹ́ Lafia sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti máa fi èso sínú agolo. Owó ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ó ti kógbá sílé. Ẹ̀yin àgbà tó gbé Ìbàdàn nígbà náà yóò rántí orúkọ náà.

TA LÓ NI PÁÁLÍ PUPA?

Bí a bá fẹ́ mọ bí irú iṣẹ́ yìí ṣe ń pẹ́, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ibi tó ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sí ìyá tó ń ṣe kéèkì ìgbéyàwó ní Oto tàbí Yábàá tí kò mọ páálí pupa kékeré tí àwòrán ọmọbìnrin kan wà lára rẹ̀, tí ó dé fìlà pupa, tí ó gbé agbọ̀n èso àjàrà dání. Sun-Maid ni. Réésìn inú kéèkì wa, àjàrà gbígbẹ ni, irú èyí tí Ábígẹ́lì kó lọ bá Dáfídì.

Ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Kingsburg, ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti ń dì í. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbóná, òjò kì í sì í rọ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Ní ìparí oṣù kẹjọ, àgbẹ̀ yóò gé síírí àjàrà, yóò tẹ́ ẹ sórí bébà ní àárín poro, oòrùn Ọlọ́run yóò sì ṣe ìyókù fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Kìlógíráàmù mẹ́rin tútù ń di ẹyọ kan tó gbẹ. Òjò kan ṣoṣo ní oṣù kẹsàn-án lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ tiwa ń gbàwẹ̀ pé kí òjò rọ̀, àwọn ará ibẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó má rọ̀.

Nígbà àtijọ́, àwọn àgbẹ̀ náà ń jìyà bí ìyá alápẹ̀rẹ̀ wa. Àwọn oníṣòwò tó ń dì í ló ń dá iye lé e, àgbẹ̀ tí èso rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kò sì lè jiyàn. Ní 1898 ọkùnrin ọlọ́rọ̀ kan, M. Theo Kearney, kó wọn jọ sí ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n ó túká lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ní 1912 wọ́n tún gbìyànjú ní Fresno. Lọ́tẹ̀ yìí wọ́n ní àwọn fúnra wọn ni yóò ni ilé-iṣẹ́ tó ń dì í. Ní 1915 wọ́n rí orúkọ Sun-Maid. Ọmọbìnrin tí wọ́n yà, Lorraine Collett, kì í ṣe gbajúmọ̀ kankan. Fìlà pupa náà sì jẹ́ fìlà gidi. Ó wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington láti 1988. Ìyá náà ti kú ní 1983, àwòrán rẹ̀ ṣì wà nínú ilé ìdáná wa.

Títí dé ibí yìí, ìtàn náà dùn. Ṣùgbọ́n a kò ní fi ìyókù pamọ́ fún yín, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ wà fún wa tí a ń dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀ nínú ìjọ. Ẹgbẹ́ náà kò lè dá iye lé ọjà tí àgbẹ̀ púpọ̀ bá wà níta. Nítorí náà, bí ọdún 1920 ti ń wọlé, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lóru láti fi ipá mú àwọn tí kò fẹ́ fọwọ́ sí ìwé. Wọ́n gé àjàrà àwọn ẹlòmíràn lulẹ̀, wọ́n sì halẹ̀ mọ́ ìdílé wọn. Àwọn àjèjì tó wá láti Àméníà àti Jàpáànì ni wọ́n fi ojú wọn rí màbo jù. Ìjọba Amẹ́ríkà pe ẹgbẹ́ náà lẹ́jọ́ ní 1920 pé ó fẹ́ jẹ gàba lórí ọjà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, èso pọ̀ jù, iye rẹ̀ wálẹ̀, nígbà tó sì fi di 1923 gbèsè ti mu ún dé ọrùn, ó di dandan kí wọ́n tún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ipá tí wọ́n lò kò gbà wọ́n.

Ohun tó gbà wọ́n ni pé orúkọ náà dára, ọjà náà kò sì ní èérí. Ìyàwó ilé tó ra páálí kan ní oṣù kìn-ín-ní mọ̀ pé èyí tí òun yóò rà ní oṣù kẹfà yóò rí bákan náà. Wọ́n kó ilé-iṣẹ́ tó ń dì í lọ sí Kingsburg ní 1964, ti àwọn àgbẹ̀ náà ni títí di òní. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti 1912.

Àwọn aládùúgbò wa náà kò sùn. Ní Burkina Faso, ní agbègbè Bobo-Dioulasso, àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ti ń fi ẹ̀rọ kéékèèké tó ń lo gáàsì gbẹ máńgòrò láti ọjọ́ pípẹ́, wọ́n sì ń kó o lọ sí Yúróòpù. Ní Gánà, ní ìlú kékeré Adeiso, ilé-iṣẹ́ HPW tí àwọn ará Switzerland dá sílẹ̀ ń gbẹ ọ̀pẹ̀yìnbó, máńgòrò àti àgbọn. Èèpo tí wọ́n bó kúrò kì í lọ sí àkìtàn, wọ́n ń fi í ṣe gáàsì. Ṣé ẹ rántí agbọ̀n 12?

Ẹnìkan lè béèrè pé, ìyá tó ní apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ní Oyíngbò, kí ló kàn án? Òtítọ́ ni pé kò lè dá ra ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ti Burkina fi hàn pé kò di dandan kó dá a rà. Obìnrin 20 tó mọ ara wọn, tó ń dá àjọ láìjìbìtì fún ọdún mẹ́wàá, ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò ní, èyí ni ìgbẹ́kẹ̀lé. Mo mọ̀ pé ẹgbẹ́ púpọ̀ nínú ìjọ wa ń fi owó àjọ ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá lọ́dọọdún. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ bi ara yín léèrè ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ẹ sì rán ẹni méjì lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe é kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

FÚN Ẹ̀YIN ÌYÁ ILÉ

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra èso gbígbẹ, ẹ kọ́kọ́ wo nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá rẹ̀. Láti 1993 ni wọ́n ti dá àjọ náà sílẹ̀, ẹni tó bá ń ta ọjà gidi kò ní fi nọ́ńbà rẹ̀ pamọ́. Ẹ tẹ ọ̀rá náà wò kí ẹ rí i pé afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀ ọ́. Bí omi bá ṣẹ́ sí inú rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ ka ohun tí wọ́n fi sí i: àwọn kan ń fi ṣúgà kún un, bẹ́ẹ̀ èso tó gbẹ ti ní ṣúgà tirẹ̀ tó pọ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà, ìwọ̀nba ni, kí ó sì bi dókítà rẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ réésìn tí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí wúrà. Wọ́n sábà máa ń fi èéfín imí-ọjọ́ sí i kí ó má baà dúdú, èyí kò sì bá ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀fúùfù lára mu. Bí ọmọ bá ń lọ sí ilé-ìwé, ẹ̀kúnwọ́ kan tó fún un, kí ó sì fi omi ṣan ẹnu rẹ̀ lẹ́yìn náà nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ eyín.

Ọ̀ràn kan tí àwọn arábìnrin máa ń bi wá ni ti kéèkì ìgbéyàwó. Àwọn tó ń ṣe kéèkì sọ fún wọn pé àfi kí wọ́n fi ọtí líle rẹ èso inú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní dùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fún omi ọsàn tútù, ẹ gbé e kaná títí yóò fi gbóná díẹ̀, ẹ dà á sórí réésìn àti máńgòrò gbígbẹ tí ẹ ti gé wẹ́wẹ́, kí ó bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì di ọjọ́ kejì. Yóò mu omi náà, yóò wú, yóò sì rọ̀. Kéèkì irú èyí kò ní pẹ́ tó ti ọlọ́tí, nítorí náà ẹ má ṣe é ju ọjọ́ mẹ́ta lọ ṣáájú ìgbéyàwó. Kí ẹ tó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun kéèkì, ẹ sẹ́ omi tó kù kúrò, ẹ fi ìyẹ̀fun gbígbẹ díẹ̀ yí èso náà lára, kí ó má baà rì sí ìsàlẹ̀ agolo.